Kó Tó Jí

Owó akọ màlúù kan àti ààbọ̀ ni mo kó lé e
lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan tó ti kú sí Ìlọrin,
níbi tí adìẹ ti ń yé ẹyin sábẹ́ tábìlì rẹ̀.
Ẹni tó tà á gbé e sórí òṣùwọ̀n bí irin pàǹtí.
N ò bá a jiyàn.
Ọkọ̀ gbé e gba Ìdófìan wá sí Àjàṣẹ́-Ìpo,
gbogbo kòtò ojú títì, àyà mi ni mo fi gbà á.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ agbẹ́rin yìí,
ọ̀tún fún gígùn, òsì fún ìbú,
mo ń ka ìlà ara ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ètè
bí ẹni ń fa tẹ̀súbáà.
Bí ẹnìkan bá kí mi láàárín, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ni Sìmbíátù bá ti Pólì Ọ̀fà dé,
ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa bá yín yí i."
Mo ní èló ni wọ́n ń ta irú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tà á?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní a ò ní rà á, a óò ṣa á ni.

A ṣa á lóòótọ́.
Mọ́tò mẹ́ta láti ara ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ lọ́jà,
tó ti ń gún iṣẹ́ sọ́rùn agbádá rí;
ó di ẹni ń gbẹ́ irin lọ́jọ́ alẹ́.
Bẹ́líìtì, wáyà, kọ̀ǹpútà àlòkù tí bọ́tìnnì méjì ti já lẹ́nu rẹ̀.
Ó fẹ́ tú àwọn ọwọ́ ẹ̀rọ dànù. Mo ní rárá.
"Kí lẹ tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"
N ò rí èsì fọ̀. Mo ṣáà ní rárá.

Òbìrí àkọ́kọ́ tó gbẹ́ yọ èjìká mẹ́rin.
Ó tún nọ́ńbà tẹ̀, ó tún tẹ̀, èjìká ṣì wà níbẹ̀.
Mo di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, mo pa ojú dé,
mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn.
"Sìmbí, irin yìí ń tòògbé.
Bí o bá yí i padà, ọwọ́ á ti lọ, tábìlì ò tíì gbọ́.
Àgbà ni. Pè é, kí o ní sùúrù, á dáhùn.
Èmi a máa kọjá ibi tí mò ń lọ díẹ̀
kí n tó padà síbẹ̀.
Àbí o ò sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ ni?"

Ó wò mí
bí ẹni tó bá owó nínú àpò ẹ̀wù àlòkù.
Ó gbé aago ìwọ̀n tì í:
ìdá mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà kan.
Ohun tí ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́ láì mọ orúkọ rẹ̀,
ó tẹ̀ ẹ́ wọlé ní ìṣẹ́jú kan.
Ó dùn mọ́ mi.
Ó tún dùn mí.

Láti ìgbà náà ni mo ti di oníjókòó.
Ọwọ́ ẹ̀rọ ń dá yí,
bí ẹni pé ẹnìkan tí n ò rí ló dúró síbi ìdúró mi.
Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè kó má baà gbé e.

Lálẹ́ Àlàmísì, a ń gbẹ́ irin ẹ̀rọ ìyàgbàdo fún ará Ẹ̀sìẹ́,
ojú ihò kan péré ló kù,
iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wa ò lè ru ju mọ́tò ńlá nìkan.
Kọ̀ǹpútà ò sì rántí ibi tó dé mọ́.
Mo dìde. Mo fi ìka wá ibi tó dúró sí.
Mo di ọwọ́ mú. Mo kọjá díẹ̀. Mo padà.
Ó jí.
Sìmbíátù gbé tọ́ọ̀ṣì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ ń mì,
ó ń bá mi ka ìlà.
Ẹnìkan kí wa láti ojú títì.
A ò dáhùn.